Omi Abẹ́ Ìbéèrè

Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ yìí jìn.
Níbi tí akọ̀ròyìn yẹn jókòó sí,
tó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń retí agbẹnusọ Ààrẹ,
omi ni tẹ́lẹ̀,
omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tó ń rú èéfín
bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

Bàbá mi, Ezra Wimbush, ló ń tọ́jú rẹ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi di igi gígùn mú,
àwọ̀n kékeré lẹ́nu rẹ̀,
tó ń kó irun, tó ń kó òkú kòkòrò.
Ó kó yẹtí wúrà lẹ́ẹ̀kan.
Ó dá a padà. Ẹnìkan ò dúpẹ́.

Ó ní sẹ́ǹtì àwọn ọmọ iléèwé wà nínú owó tí wọ́n fi kọ́ ọ
lọ́dún tí ebi ń lu ìlú bí òjò,
nítorí ọ̀gá ilé kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́.
Nínú omi, ẹsẹ̀ tó ti gbàgbé a máa rántí.
Ẹlòmíràn dé, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kó lè sá fún ìwé orí tábìlì.
Ẹlòmíràn dé, wọ́n ya òkun sára ògiri fún un,
ebúté, ọkọ̀ aláṣọ funfun,
àfi bíi pé omi inú kòtò lè dìde kó máa bá wọn lọ.
Bàbá mi ní oòrùn ara ògiri yẹn ò wọ̀ rí,
kódà lọ́jọ́ tí ẹkún gba ilé náà kan.

Mo bi í léèrè: "Bàbá, ẹ ti wọ inú rẹ̀ rí?"
Ó wo ọwọ́ rẹ̀.
Kílórínì ti jẹ èékánná rẹ̀, ó funfun bí ẹfun.
Nínú Wọ́ṣíńtìnì kan náà, nígbà èwe tèmi,
bí ọmọ dúdú bá bẹ́ sínú omi ìlú ní Anakọ́sítíà,
àwọn kan a gbé kóńdó.
Ó ní, "Ẹni tó ń fọ àwo kọ́ ló ń jẹ ọbẹ̀ inú rẹ̀."
Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí ìdí rẹ̀ títí dòní.

Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀,
òun náà ni wọ́n ní kó fa omi rẹ̀ gbẹ.
Ó ní òun gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ,
gbùdù, gbùdù, lẹ́yìn náà fíìì,
bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó wá gbé e mì.
Wọ́n to pákó lé e. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé makirofóònù dé.
Ọ̀gá mìíràn gbẹ́ tuntun sínú ọgbà, lábẹ́ oòrùn gidi.
Ìyẹn ò kan bàbá mi.
Wọ́n ti fún un ní aago ọrùn ọwọ́, wọ́n ní ó dàbọ̀.

Èmi rèé, Lucius ọmọ Ezra, oníwáyà.
Ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀, àtẹ̀gùn irin wà.
Mo sọ̀ kalẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lórí mi.
Táìlì ṣì wà. Àmì bí omi ṣe jìn tó ṣì wà lára wọn.
Níbi tó jìn jù, wáyà ló kún ibẹ̀ bí ewé odò,
dúdú, pupa, àwọ̀ ọsàn,
tí ohùn ayé ń gba inú wọn kọjá.
Lókè orí mi, ẹnìkan ń béèrè ọ̀rọ̀ ogun,
ẹnìkan ń fèsì, kò dáhùn.

Mo pa iná. Mo bọ́ bàtà.
Mo da àyà délẹ̀ lórí táìlì tútù, mo na apá,
ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn.
Eruku wọ mí nímú. Mo sín.
Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lókè.
Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Wáyà kẹtàdínlógún ló já. Mo so ó.